Àlàyé Lórí Ìlà Mẹ́ta Tó Gbọ́dọ̀ Ṣíwájú Nínú Ìkànnì Aládàáni

Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ ìkànnì tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ìlà mẹ́ta kó tó kọ orúkọ ara rẹ̀: <!DOCTYPE html>, <html lang="yo">, <meta charset="utf-8">. Ìdí rẹ̀ nìyí.

Ti ìlà kìíní kò gùn. Bí kò bá sí níbẹ̀, Chrome, Firefox àti àwọn aṣàwákiri yòókù yóò gbà pé ayé Netscape ni a ti kọ ojú-ìwé náà, nígbà tí kálukú ń ṣe tinú ẹ̀, wọn a sì tò ó bí ti ìgbà yẹn. Kí ìlànà lè jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ayé ni Tim Berners-Lee ṣe dá àjọ W3C sílẹ̀ ní 1994.

Ìlà kejì ló ń sọ èdè tí a fi kọ̀wé. "yo" ni àmì Yorùbá nínú ISO 639-1. Ẹ̀rọ tó ń ka ojú-ìwé sí afọ́jú létí, ibẹ̀ ló ń wò kó tó mọ ohùn tí yóò fi kà á. Àwòṣe tí àwa ènìyàn ń dà kọ sábà máa ń ní lang="en", a ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí gan-an, torí lẹ́tà méjì péré ni àtúnṣe rẹ̀.

Ìlà kẹta ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú UTF-8, ìlànà fífi báìtì kọ lẹ́tà tí Ken Thompson àti Rob Pike ṣe ní 1992, báìtì mẹ́ta ni "ẹ" ń gbà. Bí a kò bá kéde rẹ̀, aṣàwákiri lè méfò pé ìlànà windows-1252 ni, kó ka báìtì kọ̀ọ̀kan sí lẹ́tà ọ̀tọ̀. "ẹ" á di "áº¹", "ṣ" á di "á¹£". Ẹ wò ó dáadáa: àmì owó Pọ́n-ùn ló jókòó sí ìdí ṣ wa yẹn! Ìlànà sì ní kí ìkéde náà wà láàárín báìtì 1024 àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi gbọdọ̀ pẹ́ dé.

Ó ku ẹyọ kan, òun ló sì le jù. "ọ́" kò ní kóòdù kan ṣoṣo. Ẹnìkan lè tẹ "ọ" kó fi àmì òkè lé e, ẹlòmíràn lè tẹ "ó" kó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Ojú ò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè kà wọ́n sí ohun méjì. Ẹni tó wá "ẹ̀kọ́" lórí ìkànnì náà lè má rí i, bẹ́ẹ̀ ó kún ibẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ bá NFC mu, ìyẹn ìlànà tó ń sọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ di ọ̀nà kan ṣoṣo; òun ni W3C fẹ́. Ẹ gbé ojú-ìwé náà lọ sí validator.w3.org; bí ẹyọ kan bá yà kúrò ní NFC, yóò ké sí yín.