Ẹgbẹ́ Ẹ-Má-Bi-Mí

Ẹgbẹ́ òṣèlú kan wà tí kò ní àsíá, tí kò pín ìrẹsì, tí kò sì gbé ọkọ̀ agbóhùnsókè gba Pen Cinema ní Agége kọjá rí. Síbẹ̀, ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, òun ló na gbogbo ẹgbẹ́ tó kù. NOIPolls, àwọn oníwàádìí èrò aráàlú, ló bá Anap Foundation pe aráàlú lórí fóònù pé ta ni wọ́n máa dìbò fún sípò ààrẹ lọ́dún 2023. Nínú ọgọ́rùn-ún, 23 dárúkọ Peter Obi, 13 dárúkọ Bọ́lá Tinúbú, 10 dárúkọ Àtíkù. Àwọn 29 ní àwọn ò tíì mọ̀. Àwọn 23 ní àwọn ò ní sọ. Ẹ ro ó pọ̀: 52! Ẹ-Má-Bi-Mí wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn.

Ẹ má bá ará Agége wí. Ìyá ń ta búrẹ́dì lọ́wọ́, nọ́ńbà tí kò mọ̀ pè é. Ohùn jẹ́jẹ́ bíi ti àwọn tó máa ń béèrè nọ́ńbà ATM ẹni: "Ẹ kú ọjà mà, a ò ní pẹ́." Ó bi í ní ọjọ́ orí, ó bi í ní àdúgbò, ó wá kan ẹni tó máa dìbò fún. Oníbàárà iwájú rẹ̀ ọmọ Ìgbò ni, onílé ń gbọ́ láti ojú fèrèsé, àwọn ọmọ gáréèjì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹni tí Ọlọ́run bá yàn ni o." Oníwàádìí sàmì sí i: kò tíì pinnu. Ìyá tó ti pinnu láti ọjọ́ tó ti gba káàdì!

Orí áàpù fóònù ni ilé-iṣẹ́ Premise ti ṣe ìwádìí tiwọn fún Bloomberg. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, 66 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ti pinnu ní Obi ni. Òṣìṣẹ́ alẹ́ ní Ọba Akran ní Ìkẹjà tí fóònù rẹ̀ ò ju tọ́ọ̀ṣì lọ, ta ló bi òun? (Iye èèyàn nìkan kò tó: ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1936, ó lé ní mílíọ̀nù méjì èèyàn tó dá ìwé ìròyìn Literary Digest lóhùn lórí ìbò ààrẹ, Landon ni wọ́n ní yóò wọlé. Ìpínlẹ̀ 46 nínú 48 ni Roosevelt kó lọ.)

Ọjọ́ ìbò pé, Tinúbú wọlé. Ó lé ní mílíọ̀nù 93 tó forúkọ sílẹ̀. Àwọn tó dìbò ò tó mílíọ̀nù 25. Ẹ-Má-Bi-Mí tún ti borí, ó jókòó sílé. Ní Èkó, ìbò 9,848 ni Obi fi ju Tinúbú lọ. Ìkẹjà gbè sẹ́yìn Obi, Agége tó bá a pààlà gbè sẹ́yìn Tinúbú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, nínú ìbò gómìnà Èkó, Sanwó-Olú ní 762,134, Rhodes-Vivour ní 312,329. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, àwọn kan ti ń fi orúkọ àti ojú mọ ẹni tó yẹ kó tò sórí ìlà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tún fẹ́ kí ayálégbé fi òótọ́ dá àjèjì lóhùn?

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fọwọ́ sí. Bí àwọn oníwàádìí Afrobarometer bá bi èèyàn tán, wọ́n á ní: "Ta lẹ rò pé ó rán wa wá?" Wọ́n ti sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ ṣì máa ń ní ìjọba ni. Bí ìbò 2027 bá dé, kí gbogbo oníwàádìí fi ìyẹn ṣe ìbéèrè àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ti ní ìjọba ló rán wọn, kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n pa ìwé dé. Ìjọba náà ni gbogbo èsì tó kù máa yìn.