Ìlù Tó Ya Kó Tó Dún

Àwọn àgbà ní ìlù tó bá dún àdúnjù, yíya ló ń fẹ́ ya. Ó dá mi lójú pé ẹni tó kọ́kọ́ pòwe yìí kò dé yàrá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Òkè-Gada, nílùú Ẹdẹ. Ká ní ó débẹ̀ ni, ì bá tún òwe náà pa. Ìlù kan wà níbẹ̀ tí kò tíì dún lẹ́ẹ̀kan tó ti ya, àpò ẹni tó rà á ló sì ya.

Orin lọmọ náà ń kọ. Ó lóhùn, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ra máìkì, ó kọrin sí i, ó tẹ́tí, ló bá gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì, ó gbọ́ àkùkọ, ó gbọ́ ìyá ẹlẹ́kọ tó ń kiri. Ó ní máìkì ni kò dáa. Ó ra èyí tó wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, irú èyí tí sáùǹdì káàdì gbọ́dọ̀ fún ní iná vóòtì 48 kó tó jí. Etí ìyẹn tún wá mú ju ti àkọ́kọ́: a ti ń gbọ́ iye tí ìyá ẹlẹ́kọ ń ta ẹ̀kọ. Ló bá wá plugin, ètò kékeré inú kọ̀ǹpútà, tó ń pa ariwo. Plugin pa ariwo, ó pa ohùn ọmọ mọ́ ọn. Ó tún wá òmíràn tí yóò jí ohùn dìde.

Mo ní, "Ṣé o ò lè fi bẹ́ẹ̀dì dí fèrèsé yẹn?"

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn tó ń gba Grammy kì í lo bẹ́ẹ̀dì."

Yàrá inú ilé òbí wọn ní Los Angeles ni Billie Eilish àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Finneas ti ṣe àwo tó kó Grammy wálé ní 2020. Mo sọ fún un. Ó ní ti òyìnbó yàtọ̀.

Kí n sọ èyí tí mo mọ̀. Níbi tí páànù òrùlé ti ń ró, tí jẹnẹrétọ̀ kò sùn, máìkì tí kì í gbọ́ ọ̀nà jíjìn ló bá wa lára mu, irú Shure SM58 tó ti wà lọ́jà láti 1966. Ẹnu ẹni tó bá sún mọ́ ọn ló ń gbọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, aṣọ tó nípọn lára ògiri. Plugin tó bá FL Studio, ètò tí wọ́n fi ń ṣe orin, wá láti ilé rẹ̀ tó ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Àwọn tí wọ́n ń jí kó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àìsàn kọ̀ǹpútà ni wọ́n sábà ń gbé wọlé.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Auto-Tune, ètò tó ń tún ohùn akọrin ṣe. Andy Hildebrand tó gbé e jáde ní 1997, iṣẹ́ epo rọ̀bì ló ti ṣe rí, ó ń fi ìró yẹ inú ilẹ̀ wò. Ohun tí wọ́n fi ń wá epo ló wá ń wá ohùn sí ọmọ wa lọ́fun. Bí a bá rọra lò ó, kò burú. Ṣùgbọ́n tiwa yí i débi tó le jù, kí ohùn máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ láti orí àtẹ̀gùn kan sí èkejì. Ó kọ ọ́ lórin pé òun ti ra ọkọ̀. Ìyá àgbà gbọ́ ọkọ́. Wọ́n gbàdúrà fún un pé iṣẹ́ oko á sanwó.

Ẹdẹ kan náà sì ni Tìmì Adétóyèṣe Láoyè ti jọba láti 1946 di 1975, ọba tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún, tó tún kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá sínú ìwé ìwádìí tí wọ́n ń pè ní Odù ní 1959. Igi, awọ ewúrẹ́, ọ̀sán àti kọ̀ǹgọ́ ni gbogbo ìlù rẹ̀. Onílù fún ọ̀sán mọ́ra, ohùn gòkè; ó dẹ̀ ẹ́, ohùn sọ̀kalẹ̀. Ibi tí ohùn ti ń yọ́ láti òkè bọ̀ nílẹ̀, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀rọ tiwa ń gé sọnù.

Ní ti dídún àdúnjù, òwe àtijọ́ ṣì dúró. Ọmọ náà fi plugin mẹ́ta tẹ orin rẹ̀ lórí kó lè ké ju ti gbogbo ayé lọ, iná pupa ń ṣẹ́jú, orí ìró ti gé. Nígbà tó gbé e dé Spotify, wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí nǹkan bíi -14 LUFS, òṣùwọ̀n bí orin ṣe ń ké tó, déédéé pẹ̀lú orin àwọn tí kò pariwo. Yíya nìkan ló kù sí i lọ́wọ́.

Ó ní Davido lòun ń tẹ̀lé, ọmọ Adélékè tiwa níbí. Mo ní kó wo àkọ́lé àwo tí ìyẹn kọ́kọ́ ṣe ní 2012: Omo Baba Olowo. Ta ni bàbá tiẹ̀?

Lóṣù tó kọjá, NEPA mú iná lọ lóru, jẹnẹrétọ̀ àdúgbò sì ti jó epo tán. Ó fi bátìrì láptọ́ọ̀pù àti máìkì àkọ́kọ́ yẹn kọrin kan lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ìyá àgbà gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Máìkì ńlá náà ti padà sínú páálí, ó wà fún títà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó yà sílé wa.