Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ríìmù

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Olówó kékeré tó gba ilé ńlá la sábà máa ń pa á fún, tàbí ẹni tó yáwó ṣòkú bàbá rẹ̀ tí gbèsè ò jẹ́ kó sùn. Ẹ jẹ́ ká fi owó sílẹ̀ lónìí, ká bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ wa. Ibẹ̀ ni eku ayé òde òní ti ń du ìtẹ́ igún.

Ẹ mú Corolla 2005 tí wọ́n kó wọ̀lú láti Amẹ́ríkà. Kò sí àdúgbò tí ò sí. Táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ni 195/65R15. 195 ni bí táyà ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà, 65 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí a bá pín fífẹ̀ náà sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, 15 sì ni ríìmù, ní íǹṣì. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹ̀gbẹ́ táyà ga tó nǹkan bí 127 mìlímítà, gbogbo táyà látilẹ̀ dókè sì tó nǹkan bí 635. Nọ́ńbà 91 tún máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé táyà kan lè ru 615 kìlógíráàmù.

Ọ̀gá tó ni ọkọ̀ yìí wá ní ríìmù 15 ò bá ipò òun mu mọ́. Ó fẹ́ 18, kó dúdú, kó máa dán, kí wọ́n máa wò ó ní gbàgede ìgbéyàwó. Wọ́n bá ta 215/35R18 fún un. Nọ́ńbà ga, owó ga, orí ọ̀gá náà wú. Àmọ́ ẹ tún un ṣírò. Ẹ̀gbẹ́ táyà ti wá sílẹ̀ sí 75 mìlímítà. Gíga rẹ̀ látilẹ̀ dókè ti di 608, ó kéré sí èyí tí wọ́n tú kúrò. Nọ́ńbà 84 ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn 500 kìlógíráàmù. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti sọ 115 kìlógíráàmù nù, àpò sìmẹ́ńtì méjì, ó tún lé. Ọ̀gá ti ná owó tabua kí ọkọ̀ rẹ̀ má baà lè gbé ẹrù mọ́. Ìtẹ́ ló gbé ga, eku tó lè gba inú rẹ̀ ló sì kéré sí i! Lọ́jọ́ Sátidé, yóò kó ìyàwó, ìyá ìyàwó, àbúrò ìyá ìyàwó àti kúlà ìrẹsì mẹ́ta sínú rẹ̀, yóò dorí kọ Ìjẹ̀bú. Kòtò tó wà lójú ọ̀nà ò mọ̀ pé ríìmù náà wọ́n. Rọ́bà tó yẹ kó gba ìyà náà ti tín-ín-rín, ríìmù ni yóò gbà á, yóò sì là.

N ò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣoge o. 205/55R16 wà: gíga rẹ̀ jẹ́ 632, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba, 91 náà ló sì wọ́pọ̀ lára rẹ̀. Oge wà níbẹ̀, ẹrù náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi 16 ṣe fáàrí?

Ẹ bi ọ̀gá bó ṣe mọ̀ pé ríìmù náà bá ọkọ̀ mu, á ní, "Ṣé ẹ ò rí i ni? Ihò márùn-ún ni tiwa, ihò márùn-ún ni tiẹ̀." Ihò márùn-ún ni ti Camry tí à ń pè ní Big Daddy náà. Agbo tí ihò Corolla yẹn tò yí ká fẹ̀ tó 100 mìlímítà, ti Big Daddy fẹ̀ tó 114.3. Ìyàtọ̀ náà ò tó ìka kan, ṣùgbọ́n ríìmù ò ní wọlé. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀: "Ẹ fọkàn balẹ̀, a ó gbẹ́ ẹ." Dríìlì dé, wọ́n fẹ ihò lójú, ríìmù wọlé tipátipá. Kódà tí ihò bá bára mu, nọ́ọ̀tù ṣì kù. Nọ́ọ̀tù ọ̀pọ̀ ríìmù alọ́ì tí Toyota fúnra rẹ̀ ṣe ní wáṣà pẹlẹbẹ nídìí, ọ̀pọ̀ ríìmù oge ọjà sì ń fẹ́ nọ́ọ̀tù tí ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Ẹ fi tibí de tọ̀hún, á kọ́kọ́ le pinpin, kó tó máa tú lójú ọ̀nà. Tí táyà bá wá yọ lára ọkọ̀ ní Ṣágámù, ẹbí á ṣèpàdé, wọ́n á wá àjẹ́ tó wà nídìí ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa dárúkọ dríìlì.

Ọjọ́ orí wá ńkọ́? Ẹni tó ń yí búrẹ́dì po kó tó rà á kì í wo ti táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nídìí lẹ́tà DOT ló ń sọ ọ́: 3514 ni ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2014. Rọ́bà ń gbó bí kò tilẹ̀ rìn. Ojú rẹ̀ lè ṣì jinlẹ̀ kí inú rẹ̀ ti gbẹ. Àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ sì mọ̀ ọ́n ṣe: wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi nǹkan dúdú kùn ún, á máa kọ mọ̀nà. Òfin Nàìjíríà ti ka táyà àlòkù mọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kó wọlé, àyàfi ti ọkọ̀ akẹ́rù, 11.00 × 20 sókè, tí wọ́n fẹ́ tún ojú rẹ̀ ṣe. Ẹ wá lọ wo òkìtì tó wà ní Ládípọ̀, ní Múṣín. SON, àjọ tó ń bójú tó òdiwọ̀n ọjà, ti mú kọ̀nténà tí wọ́n ki táyà mẹ́ta, mẹ́rin sínú ẹyọ kan kó lè gba púpọ̀, wáyà inú wọn á sì ti tẹ̀. Eku mẹ́ta nínú ìtẹ́ kan: àwọn baba wa ò pa òwe fún ìyẹn.

Tó bá wá kan afẹ́fẹ́, fọ́ganáísà á bi ọ̀gá pé, "Mélòó ni kí n fi sí i?" Ọ̀gá tó mọ iye tí dọ́là jẹ́ láàárọ̀ yìí á ní, "Fi iye tó yẹ sí i jàre." Iye tó yẹ wà lára bébà kékeré tó lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn awakọ̀, ìwọ̀n táyà náà wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ sára táyà, òpin tí afẹ́fẹ́ ò gbọdọ̀ kọjá ni. Fọ́ganáísà á fi 40 sí i. Gbogbo ọkọ̀ ni 40.

Kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ fi fóònù ya bébà ẹnu ilẹ̀kùn yẹn. Ontáyà á rẹ́rìn-ín, á pè yín ní injiníà, á ní òun ti ń ta táyà kí ẹ tó mọ mọ́tò wà. Ẹ kí i dáadáa, kí ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin yẹn. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí, ẹ ó sì rí i pé ẹ̀gbẹ́ kejì ló dojú kọ yín. Ẹ ní kó yí i.