Ta Ló Rán Ajẹ́ńtì Níṣẹ́?

(Ọ̀sán ti rọlẹ̀ ní Ọlọ́runṣògo, Ìbàdàn, iná ti lọ, áyọ́ọ̀nù ti tutù. Bàbá Rẹ̀mí, akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Súlíyà, télọ̀.)

ÌYÁ SÚLÍYÀ: Bàbá, ẹ wò mí dáadáa. Ṣé mo jọ ẹni tí wọ́n lè gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lórí yàrá kan?

BÀBÁ RẸ̀MÍ: O jọ ọ́. Ka ẹ̀ẹ̀mẹrin náà fún mi.

ÌYÁ SÚLÍYÀ: ₦2,000 kí ó tó fi yàrá hàn mí. ₦5,000 owó fọ́ọ̀mù. Owó ajẹ́ńtì. Owó àgíríìmẹ́ǹtì, ewé kan péré, wọ́n tún ṣi orúkọ mi kọ sí i. Mo kó ẹrù débẹ̀, mo bá ẹlòmíì nínú yàrá. Onílé ní òun ò mọ ajẹ́ńtì náà rí!

BÀBÁ RẸ̀MÍ: O ò bi í léèrè ta ló rán an níṣẹ́?

ÌYÁ SÚLÍYÀ: Ó ní pátákó lẹ́bàá títì.

BÀBÁ RẸ̀MÍ: Pátákó! Ṣebí káfíńtà ló ń ṣe pátákó, kì í ṣe ìjọba. Láti 1975 ni ìjọba àpapọ̀ ti ṣòfin lórí iṣẹ́ àwọn tó ń díye lé ilé àti ilẹ̀, tí wọ́n ń bá onílé bójú tó dúkìá. Òfin yẹn ló bí ìgbìmọ̀ ESVARBON. Ẹni tó bá yege ló ń gba nọ́ńbà àti èdìdì. Ajẹ́ńtì tìẹ ní nọ́ńbà?

ÌYÁ SÚLÍYÀ: Nọ́ńbà fóònù. Kò sì gbé e mọ́.

BÀBÁ RẸ̀MÍ: Hẹn-ẹn.

ÌYÁ SÚLÍYÀ: Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ta nínú àwọn ọlọ́gbọ́n yẹn ló máa wá bá télọ̀ wá yàrá kan ṣoṣo lọ́nà Akanran? Iye tí wọ́n máa rí níbẹ̀ ò ní ra epo mọ́tò wọn.

BÀBÁ RẸ̀MÍ: Òótọ́ lo sọ, ibẹ̀ ló ti kù díẹ̀ káàtó. Àwọn ará Èkó rí i, ni wọ́n fi ṣòfin ní 2021 tó fìdí àjọ LASRERA múlẹ̀, kí ẹni tó bá ń ṣe ajẹ́ńtì lọ forúkọ sílẹ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀mọ̀wé tàbí púrúǹtù. Ní 2025, àbá òfin mìíràn tún dé ilé aṣòfin wọn, pé kí owó ajẹ́ńtì má ju ₦5 lọ lórí ₦100 owó ilé ọdún kan.

ÌYÁ SÚLÍYÀ: ₦5! Èmi san ₦10, mo tún san ₦10 mìíràn fún àgíríìmẹ́ǹtì.

BÀBÁ RẸ̀MÍ: Òfin Èkó kì í kọjá ibodè Bẹ́gà, Ìyá Súlíyà. Ṣùgbọ́n òfin gbígba ilé lọ́wọ́ ayálégbé, èyí tí a ń lò ní kóòtù wa, ti sọ ẹni tí í ṣe ajẹ́ńtì tipẹ́. Ẹni tí onílé máa ń lò láti bá a wá ayálégbé ni, tàbí ẹni tó ń bá a gba owó ilé, tàbí ẹni tí onílé fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé fún lórí ọ̀ràn kan. Ẹni tí kò bá sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, arìnrìn-àjò ni.

ÌYÁ SÚLÍYÀ: Ajẹ́ńtì tó ní òun á ká páànù orí Ìyá Tọ́lá kó lè jáde nílé ńkọ́? Ìyẹn ní ìwé onílé lọ́wọ́.

BÀBÁ RẸ̀MÍ: Ìwé onílé kì í ṣe ìwé adájọ́. Ẹni tó ń san owó ilé lọ́dọọdún, tí àgíríìmẹ́ǹtì rẹ̀ ò bá sọ nǹkan mìíràn, ìwé olóṣù mẹ́fà ni wọ́n á kọ́kọ́ fún un. Tó bá pé, ìwé ọlọ́jọ́ méje. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kóòtù. Gbogbo ọdún tí mo fi jókòó ní kóòtù, n ò rí ọjọ́ tí adájọ́ rán ajẹ́ńtì kó lọ gun òrùlé.

ÌYÁ SÚLÍYÀ: Owó tèmi ńkọ́?

BÀBÁ RẸ̀MÍ: Rìsíìtì dà?

ÌYÁ SÚLÍYÀ: Kò fún mi. Fóònù ni mo fi ránṣẹ́.

BÀBÁ RẸ̀MÍ: A dúpẹ́! Orúkọ ẹni tó gbowó á wà níbẹ̀. Yẹ̀ ẹ́ wò.

ÌYÁ SÚLÍYÀ: (ó ń tẹ fóònù) Bàbá... orúkọ obìnrin ni.

BÀBÁ RẸ̀MÍ: Ìyàwó rẹ̀ nìyẹn. Má pa àkọsílẹ̀ owó náà rẹ́ o. Ti ṣọ́ọ̀bù, jẹ́ ká lọ sí tésàn kí ilẹ̀ tó ṣú.