Kí Ni Orúkọ Rẹ̀, Kí Ni Iṣẹ́ Rẹ̀?

Ẹni tó bá ti ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì WAEC rí mọ ìbéèrè yìí bí ẹní mowó. Wọn á fún ọ ní àyọkà, wọn á fa àwọn ọ̀rọ̀ kan yọ nínú rẹ̀, wọn á ní: kí ni grammatical name rẹ̀, kí sì ni function rẹ̀? Orúkọ àti iṣẹ́, bí ìgbà tí ọlọ́pàá dá èèyàn dúró lóru. Máàkì tó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó ti já ọ̀pọ̀ ọmọ kulẹ̀. Èmi tí mò ń kọ èyí, ìbéèrè náà ni mo fi jẹun ní Maryland ní Èkó, bẹ́ẹ̀ n kò mọ ìdáhùn rẹ̀.

Ilé lẹ́sìnnì kan ló wà ní Mende, yàrá méjì lórí ṣọ́ọ̀bù onífọ́tòkọ́pì. Tísà Gẹ̀ẹ́sì wọn rí iṣẹ́ sí báǹkì, ó lọ láìdágbére, ìdánwò sì ti sún mọ́lé. Ọ̀gá onílé lẹ́sìnnì ránṣẹ́ pè mí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Tísà, ṣé ẹ lè kọ́ wọn ní Lexis and Structure?" Mo ní ohun tí mo fi ń mumi ni. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mo fi purọ́, owó ilé ti pé. Ohun tí n kò sọ fún wọn ni pé F9 ni mo gbà nínú Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe WAEC, pé mo tún un ṣe ní GCE, mo tún un ṣe, mo tún un ṣe, kí C6 tó ṣàánú mi.

Ọgbọ́n tí mo fi rí C6 náà ni mo gbé wọ kíláàsì. Mo ní kí àwọn ọmọ má wulẹ̀ da ara wọn láàmú ka gbólóhùn, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni kí wọ́n máa wò. Bó bá jẹ́ "when", "because" tàbí "where" ló ṣíwájú, adverbial clause ni, awẹ́ gbólóhùn asàpọ́nlé. Bó bá jẹ́ "who" tàbí "which", asàpèjúwe ni. Bó bá jẹ́ "what", asọdorúkọ. Ọmọ kan bi mí pé "that" ńkọ́? Mo ní kó gbàdúrà. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n fi bírò pupa fàlà sí i nídìí.

Ọmọbìnrin kan wà ní ìjókòó iwájú, ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀wà ní Onígbọ̀ngbò. Kì í pariwo, kì í sì í kọ ohun tí mo bá sọ sílẹ̀, ó yẹ kí èyí ti jẹ́ àmì fún mi. Lọ́jọ́ kan ó dìde, ó ní "Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó gba máákà lọ́wọ́ mi, ó kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù:

I know where the conductor sleeps.
This is the bus where the conductor sleeps.
I will park where the conductor sleeps.

Ó ní èwo nínú wọn ni adverbial. Mo ní gbogbo wọn. Ṣé "where" kọ́ ló ṣíwájú ni?

Ó ní, "Sà, nínú ti àkọ́kọ́, kí ni mo mọ̀?"

"Ibi tí kọ́ńdọ́ ń sùn."

"Ṣé kì í ṣe object 'know' nìyẹn, sà?"

Òógùn bò mí. Òótọ́ ni ọmọ yìí ń sọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin náà, "where the conductor sleeps", kò yí padà, kò sí lẹ́tà kan tó kúrò lára wọn, síbẹ̀ orúkọ mẹ́ta ni wọ́n ń jẹ́. Nínú gbólóhùn àkọ́kọ́, àbọ̀ ni wọ́n jẹ́ fún "know", nítorí náà asọdorúkọ ni wọ́n. Nínú èkejì, bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń yàn, wọ́n ń sọ bọ́ọ̀sì tí à ń wí: asàpèjúwe. Ẹ̀kẹta nìkan ni wọ́n ti ń sọ ibi tí ọkọ̀ yóò dúró sí, níbẹ̀ sì nìkan ni wọ́n ti jẹ́ asàpọ́nlé. Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò ń bèèrè orúkọ kí wọ́n tó bèèrè iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ló ń sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tó bá ti orúkọ bẹ̀rẹ̀, irú mi ni.

Mo ní mo kàn fẹ́ dán wọn wò ni. Ọmọ kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, mo ní kó jáde.

Lẹ́yìn kíláàsì mo bi ọmọbìnrin náà, bíi pé n kò fẹ́ mọ̀, pé níbo ló ti kọ́ ọ. Ó mú Brighter Grammar jáde nínú báàgì, ó ti ya léèpo, orúkọ ìyá rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìwé yẹn kì í ṣe ìwé àná: C. E. Eckersley àti Margaret Macaulay ló kọ ọ́, Phebean Ogundipe, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè tó bá P. S. Tregidgo kọ Practical English, ló sì tún un tò fún àwọn ọmọ ilẹ̀ wa. Ìyá ẹlẹ́wà ti kà á tán kí n tó dé Maryland. Mo ní kó yá mi. Ó ní òun á kọ́kọ́ bi ìyá òun.

Ti kíláàsì ṣì kéré. Gẹ̀ẹ́sì ẹnu mi ló fẹ́ tú mi fó. Ìyáàfin kan, dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìlú Ọba dé, mú ọmọ rẹ̀ wá forúkọ sílẹ̀. Èmi ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá wa wà nínú yàrá kejì, wọ́n ń jẹ àmàlà lọ́wọ́.

Ó ní, "Is the proprietor in?"

Mo ní, "Yes, ma. They are eating."

Ó wo bàtà ọ̀gá lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó tún wò mí. "How many are they?"

"They are one, ma."

Ó rọra fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀yin náà ẹ bá mi wò ó: ọ̀gá wa ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹnu wo ni màá fi sọ pé "He is eating"? Létí mi, "ó ń jẹun" ni ìyẹn, ní ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, wọ́n á ti gbá mi lẹ́nu. Yorùbá ni mo fi ń to gbólóhùn nínú, ẹnu ni mo fi ń wọ aṣọ Gẹ̀ẹ́sì fún un. Gẹ̀ẹ́sì ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin, Yorùbá ya àgbà sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọdé, èmi sì wà láàárín méjèèjì. Bí mo ṣe fẹ́ tún ọ̀rọ̀ náà ṣe ni mo tún bà á jẹ́ tán. Mo nawọ́ sí ọmọbìnrin rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní, "Don't worry, ma. He will pass."

Wọn kò padà wá.

Ìgbà tó yá ni mo rí A Grammar of Yoruba lórí àtẹ olówò ìwé àlòkù, èyí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ, tí Cambridge University Press tẹ̀ jáde ní 1966, lẹ́yìn iṣẹ́ tó ṣe ní Yunifásítì Edinburgh. Odindi ìwé lórí bí gbólóhùn Yorùbá ṣe dúró! Ní sẹ́kọ́ńdìrì, ibi àlọ́ àti oríkì ni mo máa ń sá sí bí gírámà Yorùbá bá ti ń bọ̀. Mo jókòó tì í, mo fi kọ́ńdọ́ ọmọbìnrin ọjọ́sí dán an wò. "Mo mọ ibi tí kọ́ńdọ́ ń sùn." "Màá gbé ọkọ̀ sí ibi tí kọ́ńdọ́ ń sùn." Nínú méjèèjì, "ibi" ti jókòó síta gbangba, "tí kọ́ńdọ́ ń sùn" sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn láti yàn án. Yorùbá kò fi nǹkan pa mọ́. Gẹ̀ẹ́sì ló kó gbogbo rẹ̀ sínú "where" ẹyọ kan, tó ní kí ọmọ Mende máa wá a. N kò fi èyí wá àwíjàre o. Ọmọ ẹlẹ́wà náà ń sọ Yorùbá, ó sì rí i.

Kí n má gbàgbé ti "next tomorrow". Ní ìparí ọdún 2019, mo fi bírò pupa gé e nínú àròkọ ọmọkùnrin kan, mo kọ "No such English" sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì fàlà sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ní January 2020, Oxford English Dictionary kéde ọ̀rọ̀ 29 tí wọ́n gbà wọlé láti ẹnu àwa ọmọ Nàìjíríà: "danfo" wà níbẹ̀, "mama put" wà níbẹ̀, "next tomorrow" náà wà níbẹ̀. Ọmọ náà gbé fóònù wá sí iwájú mi. Mo dá máàkì rẹ̀ padà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ báńà ló pabanbarì. Ọ̀gá ní kí n kọ ohun tí wọn yóò tẹ̀ sára báńà tí a fẹ́ gbé kọ́ nítòsí ibùdókọ̀ Maryland, níbi tí àwọn ọkọ̀ Ikorodu Road ti ń yà sí Mobolaji Bank Anthony Way. Ibi tó dáa ni. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àárọ̀ kì í jẹ́ kí dánfó sáré kọjá níbẹ̀, ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀ lè kà á, kó tún un kà, kó ra gàlá, kó tún kà á. Mo fẹ́ kí ọ̀gá mọ̀ pé mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mo bá fi participle bẹ̀rẹ̀:

HAVING FAILED WAEC ENGLISH SEVERAL TIMES, OUR EXPERIENCED TEACHERS WILL HELP YOU TO PASS!

Ọmọ tó ti fìdí rẹmi ni mo ní lọ́kàn. Ọ̀gá kà á, wọ́n ní, "Gẹ̀ẹ́sì ńlá." Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Ṣómólú ní lẹ́tà gàdàgbà, nọ́ńbà fóònù mi sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ọkùnrin kan ló kọ́kọ́ pè, mo ń gbọ́ "Ọ̀jọ́tà, Kẹ́tù, Máìlì Twelve!" lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn tísà yín yẹn, ṣé wọ́n ti wá yege báyìí?" Mo ní kí ló ń sọ. Ó ní kì í ṣe òun nìkan, gbogbo èrò ọkọ̀ ló ń bèèrè. Obìnrin kan náà pè, ó ní ìjọ àwọn ń ṣe ìsọjí ní Anthony lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí a kó gbogbo tísà wá, pé kò sí ohun tí Ọlọ́run kò lè ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka báńà náà lákàtúnkà, n kò rí ohun tó ṣe é.

Bàbá onílé mi ló là mí lójú. Standard Six ni wọ́n kà, wọ́n sì fi ṣe akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ọba Àkran títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tiwọn, parsing ni wọ́n ń pè é: wọn á gbé gbólóhùn kalẹ̀, wọn á tú u palẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tísà á sì dúró tì wọ́n tòun ti pàṣán. Bàbá ti kọ báńà náà sẹ́yìn páálí oògùn wọn. Wọ́n mú pẹ́ńsù.

"Wá bí. 'Having failed.' Ta ló fail?"

"Àwọn ọmọ, sà."

"Ọmọ wo? Mo wá ọmọ nínú ohun tí o kọ, n kò rí i. Irú àpólà yìí kì í ní olùwà tirẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bá pàdé lẹ́yìn kọ́mà ló máa dì mọ́. Ta ló wà lẹ́yìn kọ́mà?"

"Àwa tísà, sà."

Wọ́n fa ìlà láti "failed" dé "teachers", wọ́n fi ọfà sí i lórí. "Ẹ̀yin tísà. Ṣé ẹ fail ni?"

"Bàbá, gírámà rẹ̀ ni kò dáa."

"Ìyẹn ti yé mi. Ohun tó sọ ni mò ń bi ọ́."

Mo wo ọfà yẹn títí. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni mo wí. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n bu gààrí fún mi.

Ohun tí n kò lérò ni pé èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Kì í ṣe àwọn ọmọ ilé-ìwé, àwọn àgbà ni: òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ láti apá Agége, aṣọ́bodè, ìyàwó ilé kan tó ti ṣe GCE títí ó ti sú ọkọ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún ọ̀gá lójú mi pé tísà tó bá ti gba F9 rí kò ní í fi ẹlòmíì ṣẹ̀sín. Kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kún dé ẹnu àtẹ̀gùn. Mo kọ́ wọn ní kọ́ńdọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ti iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo fi orúkọ parí, ó sì wọlé sí wọn lára.

Lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ká báńà tí a kò sanwó rẹ̀ kúrò lójú títì wá ká tiwa lọ. Ọ̀gá ní kí n kọ òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí mo gbé e lọ bá Bàbá kí ó tó dé Ṣómólú. Wọ́n gé e, wọ́n tún un gé, olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ nìkan ló kù, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè fi ẹnu bà: WE TEACH ENGLISH. A sanwó rẹ̀ níbi tó yẹ, a gbé e kọ́ síbi ti àkọ́kọ́ gan-an.

Fóònù kò dún. Mo yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Nígbà tó pẹ́, ọ̀gá fà mí sí kọ̀rọ̀ ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ má baà gbọ́.

"Tísà, èyí tí ẹ kọ́kọ́ kọ yẹn, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ yín?"