Àna Kan Náà
Ẹni tó ń pààrọ̀ ẹ̀yà Linux kiri kì í sinmi. Lónìí Ubuntu ni, lọ́la Mint. Tó bá di ọ̀túnla, Debian ló bá a lára mu jù. Kò mọ̀ pé ilé àna kan náà lòun ń yí po: Debian, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1993, ló bí Ubuntu lọ́dún 2004, Ubuntu ló sì bí Mint. Ó kọ ọmọ, ó fẹ́ ọmọ-ọmọ, ó tún lọ dẹnu ìfẹ́ kọ ìyá àgbà! Bó sì sá lọ sí Fedora tó wá láti ilé mìíràn, kernel, ìyẹn ọkàn Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1991 náà ló máa bá níbẹ̀. Iṣẹ́ tó tìtorí ẹ̀ ra kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ó ní kí oníṣẹ́ ṣì ní sùúrù.