Àṣíborí Ẹnjiníà

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ẹni tó ń rode làwọn àgbà ń gbà nímọ̀ràn nígbà tí wọ́n sọ ọ́: fọ aṣọ rẹ, kí wọ́n má baà fi ọ́ sẹ́bàá ìlẹ̀kùn. Wọn kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó máa fi òwe náà wá ẹni tí yóò ṣe afárá fún wa.

Ẹ dé abúlé èyíkéyìí ní Ọ̀nà-Àrà n'Íbàdàn lọ́jọ́ tí agbaṣẹ́ṣe bá dé. Ọkùnrin tó bá kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ nínú jíìpù, tí ikùn rẹ̀ ṣáájú rẹ̀, tó dé àṣíborí funfun, tó nàka sí odò, ẹnjiníà nìyẹn. Baálẹ̀ á ní kí wọ́n gbé àga wá. Ọmọbìnrin oníhíjáàbù tó ń fi tépù wọn ẹnu odò, òun ni wọ́n á sọ fún pé, “Àǹtí, ẹ bá wa pe ẹnjiníà.” Bẹ́ẹ̀ òun ló ń ṣírò bí omi ọ̀hún ṣe ń kún tó lóṣù kẹsàn-án, kí ihò abẹ́ afárá lè gbà á. Alájíìpù ní tiẹ̀, iye tí yóò ṣẹ́kù ló ń ṣírò.

Nígbà tí CCECC, iléeṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà, ń ṣe ojú irin tuntun láti Èkó dé Mọ́níyà, èyí tí wọ́n ṣí lóṣù kẹfà ọdún 2021, kò sí ará Ṣáínà tó gba ọjà kọjá tí a kò kí ní ẹnjiníà. Bóyá alásè wọn ni.

Láti ọdún 1970 tí òfin ti dá COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà, sílẹ̀ ni ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn kò ti gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà. Òfin náà kò tíì dé ìdí jẹnẹrétọ̀. N kò bá àwọn tó ń tún un ṣe jà o. Ọwọ́ tiwọn ṣáà ń dọ̀tí. “Ẹnjiníà” tí wọ́n tẹ̀ gàdàgbà ṣáájú orúkọ sórí ìwé ìpè ìgbéyàwó ni kí ẹ bi mí.

Ní ibùdó gàárì l'Ákínyẹlé, nítòsí IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó ti wà níbẹ̀ láti 1967, ọmọkùnrin tó ń wa ẹ́ńjìnnì ìrinẹ̀gẹ́ ni ẹnjiníà. Obìnrin tó mọ iye òru tí àpò ẹ̀gẹ́ gbọ́dọ̀ lò lábẹ́ jáàkì kí májèlé inú rẹ̀ tó rọlẹ̀, tó mọ bí iná abẹ́ agbada ṣe gbọ́dọ̀ mọ, ìyá gàárì lásán ni. Bí irin onígún tó ń rin ẹ̀gẹ́ bá kú, òun ló ń kọ́kọ́ mọ̀, torí ẹ̀gẹ́ tó ń jáde á di ṣákaṣàka lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnjiníà á ṣì máa bu epo sí i.

Àwọn obìnrin kò sì jókòó sílé. Ọdún 1983 ni wọ́n dá APWEN, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ẹnjiníà, sílẹ̀. Joanna Olutunmbi Maduka ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ gbogbogbòò, NSE, ti wà láti 1958, ó sì di 2024 kí obìnrin kan, Margaret Aina Oguntala, tó jókòó sórí àga ààrẹ wọn. Ọdún 66! Ó lè jẹ́ àṣíborí tó gba orí onígèlè ni wọn kò rí rà.

Ìmọ̀ràn tèmi rọrùn. Níwọ̀n bó ti jẹ́ àṣíborí ló ń ṣe afárá, kí ìjọba ìbílẹ̀ kúkú rà á ní páálí-páálí, kí wọ́n dé e fún gbogbo ọkùnrin oníkùn láti Lálúpọn dé Mọ́níyà, kí wọ́n tò wọ́n sétí odò. A ò ní nílò sìmẹ́ńtì. Owó sìmẹ́ńtì náà ńkọ́? Àwọn tó ń bójú tó o tẹ́lẹ̀ ṣáà mọ ibi tí wọ́n ń kó o sí.